Ẹ Gbọ́ Ohun tí Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ Ń Sọ



Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó ka ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tó ti pẹ́ láyé. A ó rí bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti ń bàjẹ́, bí a ṣe ń pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́, àti ìdí tó fi yẹ kí a kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ̀yin lẹ ń wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Glazoué àti Bohicon. Iṣu yín wà nínú rẹ̀, gàárì yín wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ yín náà wà nínú rẹ̀.

1. Ọkọ̀ wa àti ọ̀nà wa

Paouignan wà lójú títì ńlá tó ti Kútọnu wá, tó gba Bohicon kọjá lọ sí Dassa àti Parakou. Títì ọ̀dà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko kì í ṣe títì ọ̀dà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ pupa a máa dà bí ojú páànù, gbágungbàgun. Nígbà òjò, omi a máa kún inú ihò, awakọ̀ kò sì ní mọ bó ṣe jìn tó. Gbogbo ìgbà tí táyà bá já sínú ihò, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà wa ni wọ́n ti lò ní Yúróòpù kí wọ́n tó gbà á wọlé ní èbúté Kútọnu. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọkọ̀ tó gbó tí a ń tọ́jú sàn ju ọkọ̀ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò wo abẹ́ rẹ̀ rí.

2. Irú ọkọ̀ méjì

Peugeot 504 kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Faransé ní ọdún 1968. Láti ọdún 1975, wọ́n ń tò ó ní Kàdúná, ní Nàìjíríà. Wọn kò ṣe é mọ́ báyìí, àmọ́ àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Nínú 504 akérò, ẹ́ńjìnnì wà níwájú, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ lọ. Iṣẹ́ táyà iwájú ni láti tọ́ ọkọ̀ sọ́nà.

Ọkọ̀ bíi Peugeot 405 yàtọ̀. Táyà iwájú ló ń fa òun. Irin gígùn méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ló ń gbé agbára láti inú àpótí jíà lọ sí táyà. Irin yìí là ń pè ní kádán. Oríkèé wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Nínú èyí tó wà níhà táyà, bọ́ọ̀lù irin kéékèèké mẹ́fà ló sábà máa ń wà, gírísì dúdú sì yí wọn ká. Àpò rọ́bà bo oríkèé náà, kí iyanrìn àti omi má bàa wọlé.

Nítorí náà, ẹ rántí: 504 akérò kò ní kádán níwájú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ gba owó kádán iwájú 504 lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó fi hàn yín kí ẹ tó san án.

Ohun mẹ́ta mìíràn wà tí ọkọ̀ méjèèjì ní. Rótúlù ni oríkèé tó so apá irin ìsàlẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Búṣì ni rọ́bà tó wà níbi tí apá irin náà ti so mọ́ ara ọkọ̀. Amọ́tísọ̀ ló ń mú kí sípíríǹgì dákẹ́ lẹ́yìn ihò. Ní Nàìjíríà, wọ́n á pe rótúlù ní bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì, wọ́n á sì pe amọ́tísọ̀ ní ṣọ́kì. Orúkọ yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni.

3. Bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀

Ẹ̀yà iwájú ọkọ̀ kì í sábà já láìkọ́kọ́ ké. Ẹ fetí sílẹ̀.

Bí awakọ̀ bá yí sítíárìn dé òpin, tí ẹ gbọ́ "kọ-kọ-kọ", oríkèé kádán níhà táyà ti ń jẹ tán.

Bí iwájú ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tó ń sáré sí i, tó sì dákẹ́ nígbà tí eré bá dínkù, ẹ wo oríkèé kádán níhà àpótí jíà.

Bí "gbì" bá ń dún nínú ihò, ẹ wo rótúlù àti búṣì.

Bí iwájú ọkọ̀ bá ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn ihò, amọ́tísọ̀ ti rẹ̀.

Bí táyà bá ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò dúró gbọọrọ mọ́.

Nínú gbogbo rẹ̀, rótúlù ló léwu jù. Bó bá já lójú eré, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ kò sì ní gbọ́ ti sítíárìn mọ́. Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló ń bàjẹ́ nígbà náà. Èrò inú rẹ̀ ni, àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá ọ̀nà.

4. Ìdánwò tí ẹ lè ṣe

Ẹ gbé táyà iwájú kan kúrò nílẹ̀. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bó bá ń yẹ̀, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì, kí ẹ tún mì í. Bí yíyẹ̀ náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́áríǹ ló jẹ. Bí kò bá dáwọ́ dúró, rótúlù ni kí ẹ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì. Bó bá ń yẹ̀ níbẹ̀, ẹ wo oríkèé irin tí sítíárìn fi ń yí táyà.

Fún amọ́tísọ̀, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ó yẹ kó gòkè, kó sì dúró. Bó bá ń jó, amọ́tísọ̀ ti lọ.

5. Bí a ṣe ń pààrọ̀ kádán

Mẹkáníìkì ló ni iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ọkọ̀, àti ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ náà, mọ bó ṣe ń lọ.

(1) Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ díẹ̀, nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Ó máa ń le gan-an. Bí ẹ bá ń fi agbára tú u nígbà tí ọkọ̀ wà lókè, ọkọ̀ lè ṣubú.

(2) Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ irin tàbí ìtì igi líle tó fẹ̀ gbè é lábẹ́. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì, ó lè fọ́ lójijì. Kí ọmọ iṣẹ́ kankan má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Jáàkì wà fún gbígbé, kò wà fún gbígbè.

(3) Ẹ yọ táyà. Ẹ tú rótúlù àti irin sítíárìn kúrò lára ẹsẹ̀ ọkọ̀.

(4) Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ àpótí jíà, nítorí pé òróró lè dà. Ẹ fa kádán jáde.

(5) Ẹ tẹ́ kádán àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ wọn gígùn wọn. Ẹ ka eyín tó wà lórí wọn. Bí eyín kan ṣoṣo bá dín tàbí tó lé, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ rí i pé ìṣirò tí a kọ́ ní kíláàsì wúlò níhìn-ín.

(6) Ẹ fi rọ́bà tuntun sẹ́nu ihò àpótí jíà kí òróró má bàa jò. Ẹ ti kádán wọlé títí yóò fi mú. Ẹ da òróró tó dínkù padà.

(7) Ẹ so gbogbo rẹ̀ padà. Nọ́ọ̀tì ńlá tuntun ló yẹ kí ẹ lò. Ẹ fún un nígbà tí táyà bá ti kan ilẹ̀, bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe wí, kí ẹ sì tì í kó má lè tú.

6. Amọ́tísọ̀, sípíríǹgì àti búṣì

Ẹ máa pààrọ̀ amọ́tísọ̀ ní méjì-méjì, ọ̀tún àti òsì. Bí ọ̀kan bá le tí èkejì rọ̀, ọkọ̀ yóò máa tiro.

Nínú ọkọ̀ bíi 504, sípíríǹgì yí amọ́tísọ̀ iwájú ká. Ẹ má tú u láìní irin tí wọ́n fi ń fún sípíríǹgì pọ̀. Sípíríǹgì tí a fún pọ̀ dà bí ọrun tí ọdẹ ti fà. Bó bá já, ó lè pa èèyàn.

Búṣì ní àṣírí tirẹ̀. Bọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ má fún un tán nígbà tí ọkọ̀ wà lókè. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà náà yóò lọ́, yóò sì tètè ya.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn bí táyà iwájú méjèèjì ṣe dúró sí ara wọn, èyí tí mẹkáníìkì wa ń pè ní paralelísímù. Bí ẹ bá ti rìn tó nǹkan bí 50 sí 100 kìlómítà, ẹ tún fún nọ́ọ̀tì táyà.

7. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Owó àpẹẹrẹ ni, kì í ṣe iye ọjà.

Àpò rọ́bà ya lónìí. Oríkèé kò tíì dún. Àpò rọ́bà tuntun 4.000 fránkì, gírísì 1.000, owó iṣẹ́ 5.000. Àpapọ̀: 10.000 fránkì.

Ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Iyanrìn wọlé, oríkèé jẹ. Kádán odindi 35.000, òróró àti rọ́bà 5.000, owó iṣẹ́ 8.000. Ọkọ̀ jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta, 7.000 lọ́jọ́ kan, ìyẹn 21.000. Àpapọ̀: 69.000 fránkì.

Báwo la ó ṣe rántí ọjọ́ tí a wò ó kẹ́yìn? Ìwé ni. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kó máa gbé inú ọkọ̀. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sí i: ọjọ́, kìlómítà, ohun tí a ṣe, iye owó. Bí òǹkà kìlómítà bá ti kú, ẹ kọ iye ìgbà tí ọkọ̀ lọ sọ́jà. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́ 12, oṣù 3. Kìlómítà 186.400. A pààrọ̀ àpò rọ́bà kádán òsì. 10.000 fránkì.

Awakọ̀ lè yí padà, mẹkáníìkì lè kó lọ sí Parakou. Ìwé kì í gbàgbé. Bí awakọ̀ tuntun bá ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rótúlù, ẹ ṣí ìwé, ẹ kà á. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gbé táyà sókè, ẹ mì í, kí èrò kankan tó wọlé.

Ìbéèrè

1. Kí nìdí tí 504 akérò kò fi ní kádán níwájú?
2. Ẹ gbọ́ "kọ-kọ-kọ" nígbà tí ọkọ̀ ń yà. Kí ni ẹ ó wò?
3. Nínú ìṣirò wa, èló ni ẹni tó tètè pààrọ̀ àpò rọ́bà fi jèrè?
4. Ẹ jọ sọ ọ́ ní kíláàsì: bí èrò bá gbọ́ "gbì" lábẹ́ ọkọ̀ tó wọ̀, kí ló yẹ kó sọ fún awakọ̀? Kí ló yẹ kí awakọ̀ ṣe?
5. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sínú ìwé yín, kí ẹ kọ iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe lára ọkọ̀, alùpùpù tàbí kẹ̀kẹ́ kan tí ẹ mọ̀.