Nígbà Wo Ni Ọ́párétọ̀ Méjì Jẹ́ Ọ̀kan Náà?

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ mátíríìsì onílà méjì, olópòó méjì: 0 àti 1 lókè, 0 àti 0 nísàlẹ̀. Ẹ pè é ní A. Ẹ tún un kọ, kí ẹ fi 2 rọ́pò 1. Ìyẹn ni B. Ṣé A àti B yàtọ̀ síra, àbí aṣọ ni wọ́n pààrọ̀?

Mátíríìsì ń gba fẹ́kítọ̀, ó sì ń sọ ọ́ di òmíràn. Nínú ààyè Hilbert, tí a fi orúkọ David Hilbert ará Jámánì pè, iye òpó lè má lópin. Ọ́párétọ̀ là ń pe irú ayínipadà bẹ́ẹ̀. Ó ní ààlà bí iye kan bá wà tí kì í fa fẹ́kítọ̀ kankan kọjá ìlọ́po iye náà. Èyí tó kéré jù lọ nínú irú iye bẹ́ẹ̀ là ń pè ní ààlà rẹ̀: ti A jẹ́ 1, ti B jẹ́ 2.

Ọ̀nà kìíní láti sọ pé méjì jẹ́ ọ̀kan náà ni ìjọra. A jọ B bí a bá rí ọ́párétọ̀ X tó ṣeé dá padà, tí AX = XB. Ẹ fi 1 àti 2 sórí ìlà ìdábùú X, kí ẹ fi 0 sí ibi tó kù. Ẹ ṣírò ó: AX àti XB bára mu. Nítorí náà A jọ B. Bí B bá sì tún jọ C nípasẹ̀ Y, XY ló so A mọ́ C. Ìbátan náà kò já.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí X ṣe. Ó pààrọ̀ kọ́ńgò níhà kan, ó fi ńlá wọn ohun tí a ti ń fi kékeré wọ̀n. Ọ̀nà kejì kò gba ìyẹn: X gbọ́dọ̀ jẹ́ yúnítárì, kó dá gígùn gbogbo fẹ́kítọ̀ sí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ààlà A àti ti B gbọ́dọ̀ dọ́gba. 1 kì í ṣe 2, nítorí náà wọn kò dọ́gba lọ́nà yìí.

Èmi fara mọ́ ọ̀nà kejì, nítorí gígùn àti igun ni ọrọ̀ ààyè Hilbert. Àwọn ọ́párétọ̀ kan wà tí kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà méjèèjì fún: àwọn nọ́màlì, tí wọ́n bá ẹnìkejì wọn (adjoint) ṣe pọ̀ láìka ẹni tó ṣáájú sí. Onímọ̀ ìṣirò Putnam fi hàn ní 1951, lẹ́yìn iṣẹ́ Fuglede, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, ní 1950, pé bí méjì nínú wọn bá jọra, wọ́n dọ́gba lọ́nà yúnítárì pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n mátíríìsì A kì í ṣe nọ́màlì. Ẹ sọ ìlà rẹ̀ di òpó láti rí ẹnìkejì rẹ̀, kí ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, kí ẹ sì tún un ṣe pẹ̀lú ẹnìkejì níwájú: èsì kìíní fi 1 sí igun òkè, ìkejì fi í sí ìsàlẹ̀.