Onífọ́tò Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ojú Òpó Ti Ara Rẹ̀

Onífọ́tò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, kọ̀wé béèrè bóyá ó yẹ kí òun náwó lórí ojú òpó ayélujára ti ara òun, nígbà tí àwọn oníbàárà òun ti ń rí iṣẹ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Facebook àti WhatsApp. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í ṣe pé ojú òpó náà yóò pe oníbàárà ju Facebook lọ, nítorí ó lè má pe ẹnikẹ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ni ibi tí fọ́tò wà ló ń pàṣẹ bí yóò ti hàn, bí yóò ti pẹ́ tó níbẹ̀, àti orúkọ tí yóò máa bá a rìn.

Àwọn ará Benin ti rí i bí nǹkan ṣe lè yí padà lójijì. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ìjọba pàṣẹ pé kí ẹni tó bá ń lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn máa san sẹ́fà 5 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ iye dátà tí èèyàn lò, kó tó di pé ariwo aráàlú mú kí wọ́n fagi lé e nínú oṣù Kẹsàn-án. Ní Nàìjíríà, wọ́n ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022. Kì í sì í ṣe ìjọba nìkan ló ń fa irú èyí: Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 6 ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Òtítọ́ ni pé ojú òpó ti ara ẹni kò lè gbani lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ní ọjọ́ ìdìbò, 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, íntánẹ́ẹ̀tì lápapọ̀ ni wọ́n gé ní Benin. Síbẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ tó gba ojú òpó náà sọ́dọ̀ bá wà lókè òkun, oníbàárà tó wà ní Paris tàbí ní Èkó yóò ṣì rí i lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Níbi orúkọ gan-an ni àdánù ti pọ̀ jù. Seydou Keïta, onífọ́tò Bamako ọjọ́un, a máa lu òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò, débi pé fọ́tò tó bá rin ìrìn àjò ṣì ń sọ ẹni tó yà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi fọ́tò ìyàwó tó dúró níwájú àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe é, fọ́tò náà yóò fún títí ojú híhun aṣọ òfì rẹ̀ yóò fi dàrú mọ́ra, orúkọ àti ọjọ́ tó wà nínú fáìlì rẹ̀ yóò sì yọ dànù.

Àdírẹ́sì ojú òpó, tí wọ́n ń pè ní dómẹ́ènì, lè parí sí .com tàbí .bj, tí í ṣe àmì Benin. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé orúkọ àti ímeèlì onífọ́tò fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n fi gbà á, kì í ṣe ti ọmọ tó bá a ṣe é, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó rẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló sì ni ín. Ogún fọ́tò tí a ṣà dáadáa sàn ju ẹgbẹ̀rún lọ, kí wọ́n sì fúyẹ́, torí oníbàárà ń fi owó ra dátà. Kí a kọ “ìgbéyàwó ní Ṣábẹ̀ẹ́” sábẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó, nítorí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wá onífọ́tò máa ń tẹ̀ sórí Google. Ojú òpó kì í ṣe àpótí ìpamọ́: kí ògidì fọ́tò wà lórí díìsìkì méjì, ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí òfin tí Benin ṣe lórí ọ̀rọ̀ ayélujára ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018 dáàbò bo ohunkóhun tí a lè fi dá èèyàn mọ̀, ojú sì wà lára rẹ̀. Kí onífọ́tò gba àṣẹ ní kíkọ kó tó gbé ojú oníbàárà síta, kó sì bi àwọn àgbà agbo egúngún léèrè èyí tó ṣeé fi han gbogbo ayé nínú àwọn fọ́tò ọdún wọn.