Ẹ Ṣọ́ra fún Iná ní Abúlé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nígbà ọyẹ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín máa ń kó àwọn ọmọ lọ kí ìyá àgbà ní abúlé. Kí ẹ tó di ẹrù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún kan, wọ́n gbé ọmọbìnrin ọmọ ọdún 4 wá sí ilé ìgbòògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá àgbà rẹ̀ ń rọ kẹrosíìnì sí fìtílà láì kọ́kọ́ pa á. Iná sọ lójijì, ó sì ràn mọ́ aṣọ ọmọ náà. Ìkòkò omi tútù wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n epo pupa àti ẹyin ni wọ́n sáré fi pa á lára. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n àpá iná kò kúrò lápá rẹ̀.

Ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn:

1. Ẹ pa fìtílà, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ tó rọ epo sí i. Ẹ má ṣe bu kẹrosíìnì sínú agolo tí epo mọ́tò ti wà rí. Bí epo mọ́tò díẹ̀ bá dà pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì, ó lè bú gbàmù.

2. Ẹ ro koríko gbígbẹ kúrò láyìíká ilé, kí ẹ sì fi omi pa ẹyín iná kí ẹ tó sùn. Atẹ́gùn ọyẹ́ a máa gbé ẹ̀ta iná lọ sórí òrùlé koríko.

3. Bí epo bá ń jó nílẹ̀, ẹ má da omi sí i, yóò tàn kálẹ̀ ni. Iyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ dà bò ó.

4. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá gbiná kò gbọdọ̀ sáré. Kí ó dùbúlẹ̀, kí ó fi ọwọ́ bo ojú, kí ó sì máa yí gbirigbiri.

5. Ẹ máa da omi tútù tí ó mọ́ sí ojú ibi tí iná jó fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà, ṣùgbọ́n ẹ má fa aṣọ tí ó lẹ̀ mọ́ ara. Bí ó bá lé omi, ẹ má bẹ́ ẹ. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ fi aṣọ mìíràn bo ara yòókù kí òtútù má mú un, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí tí iná bá kan ojú tàbí ọwọ́.

Panápaná jìnnà sí abúlé. Ìkòkò omi kan àti garawa iyẹ̀pẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà ni panápaná ìyá àgbà. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ bá a gbé wọn kalẹ̀ ní ọjọ́ kìíní.

Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire.