Ọ̀tá Tanwíjí

Nígbà ayé àwọn bàbá wa, kò sí onílé tí ẹ̀rù wolé-wolé kì í bà ní Ìbàdàn. Bí ó bá ṣí ìkòkò omi tí ó sì rí tanwíjí níbẹ̀, onílé lè ti ibẹ̀ dèrò kóòtù. Wolé-wolé mọ̀ pé inú omi ni ó rọrùn jù láti pa ẹ̀fọn, kí ó tó hu ìyẹ́.

Lónìí, àwọn bakitéríà kan, tí ojú lásán kò lè rí, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ni Bacillus thuringiensis israelensis, tí a ń pè ní Bti. Ní 1976 ni Joel Margalit àti Leonard Goldberg rí i nínú ọ̀gọ̀dọ̀ kan ní aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì, níbi tí òkú tanwíjí gbé léfòó lọ bẹẹrẹ. Èkejì, Bacillus sphaericus, kò jìnnà sí wa rárá: ẹ̀yà rẹ̀ tí à ń pè ní 2362, tí ayé ń lò káàkiri, ara eṣinṣin kékeré kan tí ń gbé ẹ̀bá odò ní òkè Ọya ni a ti rí i. Jaroslav Weiser ni ó kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1984. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, bí a bá fẹ́ yangàn!

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé bakitéríà yìí ń lé tanwíjí kiri. Tanwíjí fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé ikú mì. Nígbà tí bakitéríà bá ń sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle, a máa ṣe májèlé kan tí ó dì bí hóró iyọ̀. Omi inú wa kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ti inú tanwíjí dà bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ. Omi yìí ni ó ń yọ́ májèlé náà, tí ìfun tanwíjí yóò sì dá lu. Láàárín ọjọ́ kan, Bti ti parí iṣẹ́. Ní ìwọ̀n tí a fi ń lò ó, kì í pa ẹja, kì í sì í ṣe ènìyàn ní jàǹbá, èyí tí a kò lè sọ nípa kẹrosíìnì tí àwọn kan ń dà sínú omi.

Ẹ wá wo àdúgbò wa. Omi dúdú inú gọ́tà Àgbowó ni Culex fẹ́ràn. Sphaericus ni ó yẹ ẹ́, nítorí pé ó ń pẹ́ nínú omi ìdọ̀tí, ó sì ń bí sí i nínú òkú tanwíjí. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ká Aedes, tí ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí ó sì ń yé sínú táyà àlòkù ní Ring Road. Bti ni ó ká a. Anopheles, ìyá ibà, ni ó ṣòro jù. Ojú omi ni ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun, bẹ́ẹ̀ ni oògùn a máa rì. Nígbà òjò, gbogbo ojú ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní Challenge lè di ilé rẹ̀. Ta ni yóò kà wọ́n tán? Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí a lo oògùn yìí níbi tí àbàtà kò bá pọ̀, tí kì í ṣí kiri, tí ó sì rọrùn láti rí.

Ní Bràsíìlì àti Íńdíà, àwọn tanwíjí Culex kan ti di ẹni tí sphaericus kò ràn mọ́, nítorí pé oríṣìí májèlé kan ṣoṣo ni wọ́n nílò láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pò ó mọ́ Bti, tí májèlé tirẹ̀ tó bíi mẹ́rin: èyí tí ó bá yẹ ọ̀kan, òmíràn a gbá a mú.