Ímeèlì tí a kò kọ ń ta padà

Ìbéèrè: Ejẹ́ǹtì tó ń gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá ni wá. Ímeèlì tó ń sọ pé "a kò rí ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí" ń rọ́ wọ inú sáfà wa, bẹ́ẹ̀ a kò kọ ìkankan nínú wọn. Ṣé ká ti gbogbo wọn síta ni? Òǹkàwé, Ajégúnlẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò! Tiyín gan-an lè wà nínú wọn: bí ẹ bá ṣi àdírẹ́sì oníbàárà kọ, ímeèlì tó ta padà ni yóò ta yín lólobó kí demurrage (owó ìdádúró ẹrù) tó bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ẹrù. Àwọn ìyókù, oníjìbìtì ló fi orúkọ yín kọ wọ́n.

BATV (Bounce Address Tag Validation) ni kí ẹ ní kí ẹni tó ń bójú tó sáfà yín tàn. Yóò máa fi àmì àṣírí, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "prvs=", síwájú àdírẹ́sì ìdápadà ohun tó bá jáde. Ímeèlì tó ta padà kì í ní orúkọ olùránṣẹ́, òfìfo "<>" ló máa ń wà níbẹ̀. Irú ìyẹn nìkan ni ẹ ó yẹ̀ wò. Èyí tí kò bá ní àmì, tàbí tí ọjọ́ àmì rẹ̀ ti kọjá, kí sáfà kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ti ń ṣe sí ọkọ̀ tí kò ní ìwé ní géètì wọ́ọ̀fù.

Ohun kan ló máa ń dà á rú: òṣìṣẹ́ tó ń fi fóònù ránṣẹ́ láti ilé gba sáfà ẹlòmíì. Kò ní sí àmì lára tirẹ̀, ẹ ó sì kọ ìdápadà rẹ̀. Sáfà ọ́fíìsì ni kó gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi SPF àti DMARC sí DNS yín, kí sáfà àwọn ẹlòmíì lè dá ímeèlì tí oníjìbìtì fi orúkọ yín kọ mọ̀.