Fífi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ àyíká

Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí àyíká máa ń wọ àkẹ́kọ̀ọ́ létí bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú wọn tó. Bí àpẹẹrẹ, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù alálòdanù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ tà, nítorí pé ó ń dí gọ́tà. Àríyànjiyàn tòótọ́ wà níbẹ̀: olóúnjẹ ń ro owó abọ́ mìíràn, ará àdúgbò ń ro omíyalé. Ó yẹ kí àwọn àkẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi Yorùbá jiyàn lórí rẹ̀, kí olùkọ́ tó fún wọn ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń so okùnfà mọ́ àbájáde. Ìwé kíkọ ló kẹ́yìn. Lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ sàn ju àròkọ lásán lọ, torí ó ní ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, ó sì ń béèrè ohun pàtó.