Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ọjà Olówó Pọ́ọ́kú Tí A Rà Láìfojú Rí

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ kọ́ lóṣù yìí dá lórí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú wa: àwọn ẹ̀rọ kéékèèké olówó pọ́ọ́kú tí à ń rà lórí ayélujára. Ọmọ ilé ìwé ń rà wọ́n, ìyá oníṣòwò ń rà wọ́n, àwọn ẹgbẹ́ wa náà ń fi owó ìdájọ rà wọ́n. Àwọn kan rà, wọ́n ń yọ̀. Àwọn mìíràn rà, wọ́n káwọ́ lérí. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ṣé oríire lásán ni? A ó rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà kan, bí ènìyàn bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ní Kọ̀ǹpútà Vílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà, yóò gbé e lọ́wọ́, yóò tàn án wò, yóò ná an, kí ó tó sanwó. Nígbà tí AliExpress bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, tí Jumia àti Konga sì bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2012, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa nínú yàrá. Èrè tó wà níbẹ̀ kò kéré. Ẹni tó ń gbé ní Ṣakí tàbí ní Ìkàrẹ́ lè ra ohun tí kò sí ní ọjà ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ti sọnù: ọwọ́ wa kì í kan ọjà mọ́ kí a tó pinnu láti rà á. Àwòrán àti ọ̀rọ̀ òǹtajà nìkan ni a ní. Nítorí náà ó di dandan kí á ní ọgbọ́n mìíràn tí yóò rọ́pò ojú àti ọwọ́.

1. MẸ́MÓRÌ KÁÀDÌ TÓ Ń PARỌ́

Ẹ jẹ́ kí á mú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n fẹ́ fi fóònù gba fídíò tafsiri tí Àfáà wọn àgbà ń ṣe nínú ààwẹ̀ Ràmádánì, wákàtí kan lójúmọ́. Wọ́n rí mẹ́mórì káàdì tí wọ́n kọ 512GB sí lára, owó rẹ̀ kò tó ìdámẹ́rin iye tí irú rẹ̀ ń tà níbòmíràn. Wọ́n rà á. Nígbà tí wọ́n kì í bọ fóònù, fóònù sọ pé 512GB ni lóòótọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba fídíò, orúkọ fáìlì sì ń pé. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dà á kọ, tafsiri ọjọ́ kìíní nìkan ló ṣí. Ìyókù jẹ́ orúkọ lásán. Bí Ọlọ́hun bá ti pe Àfáà náà kí ààwẹ̀ mìíràn tó dé, ta ni yóò dá ìmọ̀ yẹn padà?

Kí ló ṣẹlẹ̀? Inú káàdì bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ fún fóònù bí àyè ṣe pọ̀ tó. Àwọn oníjìbìtì a tún ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀rọ yìí kọ. Àyè gidi tó wà níbẹ̀ lè má ju 8GB lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á ní kí ó máa sọ pé 512GB ni. Fídíò wákàtí kan láti inú fóònù lè gba nǹkan bí 4GB sí 6GB. Bí 8GB bá ti kún, èyí tó tún wọlé yóò tẹ èyí tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí kí ó má tilẹ̀ dúró níbì kan. Fóònù kò ní kígbe, nítorí irọ́ ni wọ́n pa fún òun náà.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ da fáìlì tí ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ sí inú káàdì náà títí yóò fi kún bámúbámú, kí ẹ sì ṣí ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín àti ti ìparí wò. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè lo H2testw lórí Windows, tàbí F3 lórí Linux àti Mac. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì; wọn yóò kọ nǹkan kún inú káàdì, wọn yóò sì kà á padà. Ẹ má ṣe dá òǹtajà lẹ́bi lórí ohun kan: bí káàdì 32GB bá fi nǹkan bí 29.8 hàn lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn kì í ṣe jìbìtì. Ọ̀nà tí àwọn tó ṣe káàdì ń gbà ka iye yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà ni.

2. PÁWÁBÁǸKÌ: Ẹ FI ÌṢIRÒ WÁDÌÍ RẸ̀

Bí iná mànàmáná ṣe rí lọ́dọ̀ wa, kò yani lẹ́nu pé páwábáǹkì wà lára ohun tí à ń rà jù. Ibẹ̀ sì ni irọ́ pọ̀ sí. Ẹ wo ìṣirò yìí. Bátìrì inú páwábáǹkì máa ń ṣiṣẹ́ ní fóltì 3.7, ṣùgbọ́n fóltì 5 ni ó fi ń fún fóònù ní iná. Páwábáǹkì 20,000mAh tí kò parọ́ rárá ní agbára 74Wh nínú, ìyẹn 20 nígbà 3.7. Bí a bá pín 74 sí ọ̀nà 5, yóò ku 14,800mAh. Díẹ̀ yóò tún ṣòfò bí ooru, tí ohun tó máa jáde fi máa jẹ́ nǹkan bí 13,000. Nítorí náà, bí fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000mAh bá kún ní bí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ dúpẹ́. Kò ṣe é retí pé yóò kún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti pe olóòótọ́ òǹtajà ní olè nítorí pé wọn kò mọ ìṣirò yìí.

Olè gidi ńkọ́? Òṣùwọ̀n ni yóò tú u fó. Bátìrì róbótó tí wọ́n ń pè ní 18650, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ páwábáǹkì, kì í ju nǹkan bí 3,500mAh lọ, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó gíráàmù 45. Kí ohun kan tó lè jẹ́ 50,000mAh, ó gbọ́dọ̀ ní irú bátìrì bẹ́ẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, èyí tí yóò ju gíráàmù 600 lọ láìka páálí ara rẹ̀. Bí èyí tí wọ́n gbé wá bá fúyẹ́ tí ó wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n wíwúwo nìkan kò tó ẹ̀rí o: àwọn kan ti tú u, wọ́n bá iyanrìn nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra Hájì tàbí Úmúrà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Páwábáǹkì kò gbọdọ̀ wà nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Inú báàgì ọwọ́ ni. Bí kò bá ju 100Wh lọ, kò ní wàhálà. Láàárín 100Wh sí 160Wh, àfi kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú fọwọ́ sí i. Èyí tó bá ju 160Wh lọ kò gbọdọ̀ wọlé. Oní 50,000mAh jẹ́ 185Wh. Bí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Bí ó bá sì jẹ́ irọ́, kí ni ẹ rà á fún?

3. INVERTER ÀTI PÁNẸ́Ẹ̀LÌ SÓLÀ

Ẹ ó rí inverter kékeré kan tí wọ́n kọ 5000W sí lára, tí wọ́n ní kí ẹ so mọ́ bátìrì ọkọ̀ fóltì 12. Ẹ pín 5000 sí ọ̀nà 12: ó ju ámípíà 400 lọ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá a wá kò lè gbé e láìjóná. Bátìrì 100Ah tó kún kò tilẹ̀ ní pẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni pánẹ́ẹ̀lì sólà. Oòrùn ọ̀sán gangan ń fún ilẹ̀ tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí wáàtì 1,000. Pánẹ́ẹ̀lì tó dára ń mú nǹkan bí 200 nínú rẹ̀. Nítorí náà, pánẹ́ẹ̀lì tí kò ju abala pépà A4 kan lọ kò lè kọjá nǹkan bí wáàtì 13. Bí òǹtajà bá kọ 100W sí i, kí ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ kọjá lọ.

Ẹ tún máa wo fóltì. Iná tiwa jẹ́ fóltì 230, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Bí ẹ kò bá rí 100–240V lára ohun tí wọ́n kó ti ọ̀hún wá, ẹ má ṣe kì í bọ ògiri.

4. BÍ A ṢE Ń KA Ẹ̀RÍ ÀWỌN TÓ TI RÀ Á

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ti ra ọjà kọ sábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń kà á. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Púpọ̀ nínú wọn kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ọjà dé, wọn kò tíì lò ó. Ẹ wá àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, nítorí wọ́n sábà máa ń sọ ohun tó dára àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ wá ẹni tó kọ̀wé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ wo àwòrán tí àwọn òǹrajà fúnra wọn yà. Ẹ sì rí i dájú pé ọjà yẹn gan-an ni wọ́n ń sọ, nítorí àwọn òǹtajà kan máa ń gbé ẹ̀rọ tuntun sí ojú ìwé tí ìyìn ti wà níbẹ̀ fún ohun mìíràn.

Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá rà, ẹ kọ tiyín. Ẹ̀rí jíjẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n fún lówó tàbí lẹ́bùn kí ó lè kọ ìyìn èké ti jẹ́rìí èké. Ẹni tí inú bí, tó pe ọjà rere ní gbàrọgùdù nítorí pé ó pẹ́ dé, kò ṣe déédéé bákan náà.

5. NÍGBÀ TÍ ỌJÀ BÁ DÉ

(a) Ẹ má ṣe sanwó síta. Bí òǹtajà bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun tààrà kí òun lè dín in kù, ẹ kọ̀ fún un. Ààbò tí iléeṣẹ́ ìtajà ń fúnni parí síbẹ̀.
(b) Bí wọ́n bá gbà kí ẹ sanwó nígbà tí ọjà bá dé, tí wọ́n sì gbà kí ẹ tú u wò, ẹ tú u níwájú ẹni tó gbé e wá.
(d) Ẹ fi fóònù ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú u, láti ìgbà tí orúkọ yín ṣì wà lára páálí.
(e) Ẹ dán an wò lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí a lè fi dá ọjà padà kì í pọ̀, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.
(ẹ) Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti páálí.

A kò sọ pé gbogbo ọjà olówó pọ́ọ́kú ni kò dára. Àpò fóònù, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé fóònù lé, tọ́ọ̀ṣì kékeré: bí ọ̀kan bá bàjẹ́, owó kékeré ló lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó lè dáná sun ilé, bí ṣájà àti bátìrì, àti ohun tí a ń fi ìmọ̀ pamọ́ sí, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

6. Ẹ̀TỌ́ TÍ Ẹ̀SÌN ÀTI ÒFIN FÚN WA

Nínú mazhab Imam Malik tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, ó tọ́ láti ra ohun tí kò sí níwájú ẹni, bí òǹtajà bá ṣàpèjúwe rẹ̀ yékéyéké. Bí ọjà bá dé tí kò bá àpèjúwe mu, òǹrajà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà. Òfin ìjọba Nàìjíríà náà sọ ohun tó jọ ọ́. Òfin ààbò òǹrajà tí wọ́n ń pè ní FCCPA ti ọdún 2018 fún ẹni tí kò láǹfààní láti yẹ ọjà wò kí ó tó dé láṣẹ láti kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tó bójú mu, kí ó sì gba owó rẹ̀ padà, bí ọjà náà kò bá bá àpèjúwe mu. Àjọ FCCPC ni à ń fẹjọ́ sùn. Ìtìjú kò yẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

7. Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń TÀ ŃKỌ́?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló ń kó irú ọjà wọ̀nyí wá láti Ṣáínà, tí wọ́n ń tún un tà. Òwò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìtàn Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nígbà tí ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà tí ó sì rí i pé abẹ́ rẹ̀ tutù. Olówò ní òjò ló pa á. Ohun tí Ànábì bi í ni ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Lónìí, àwòrán tó rẹwà ni òkè òkìtì náà. Káàdì 8GB tó ń pe ara rẹ̀ ní 512 ni abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ tí kò sọ kò lè ní ilé iṣẹ́ ní Ṣáínà ló kọ ọ́ sí i lára. Ẹ dán ọjà yín wò kí ẹ tó tà á. Iye tí ẹ bá bá níbẹ̀, òun ni kí ẹ kọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Páwábáǹkì kan jẹ́ 10,000mAh. Wh mélòó ni? Ṣé ó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú?
2. Báwo ni a ṣe lè dán mẹ́mórì káàdì wò láìní kọ̀ǹpútà?
3. Arákùnrin kan ra ẹ̀rọ tí kò dára, ó tà á fún ẹlòmíràn láìsọ àléébù rẹ̀ kí owó rẹ̀ má baà ṣòfò. Kí ni ẹ ó sọ fún un?
4. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀rọ kan tí ó rà wá sí ìpàdé, kí á jọ fi ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ṣe ìṣirò.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí owó wa àti òwò wa, kí ó sì fún wa ní ojú tí yóò máa rí òtítọ́. Àmín.